Ṣé ìwé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Heart of Darkness? Ohun tí Achebe sọ àti ohun tí kò sọ

Sátidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì wá kí mi nílé ní Mọ́kọ́lá. Kò tíì mu omi tí mo gbé fún un tán tó fi fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ìwé yìí ti fẹ́ tú wa ká nínú ilé."

Heart of Darkness ni ìwé náà, Joseph Conrad ló kọ ọ́. Àwọn mẹ́rin ló jọ gba ilé ní Àgbowó. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n sọ ìwé náà síná, pé ìwé èébú ni. Èkejì ní Chinua Achebe, òǹkọ̀wé Things Fall Apart tó pe Conrad ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ló ṣi ìwé kà, pé àwọn òyìnbó gan-an ni ìwé náà ń nà lẹ́gba. Ẹ̀kẹta ní báyẹn ni gbogbo òyìnbó ayé ìgbà náà ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ló wá dé tí a fi ń bá òkú jà? Ọmọ mi tó jẹ́ ẹ̀kẹrin kò mọ ẹni tí òun ì bá gbè lẹ́yìn, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi lítíréṣọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ti gbọ́ iyàn yìí lẹ́nu àgbà àti èwe. Ohun tó ń dà á rú ni pé àwọn tó ń jiyàn kì í dáhùn ìbéèrè kan náà. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ìwé. Èkejì ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń pìtàn nínú ìwé. Ẹ̀kẹta ń sọ̀rọ̀ ohun tí ìwé náà sọ ọmọ ènìyàn dà lójú ẹni tó bá kà á. Bí a kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbi iyàn.

## Kí là ń pè ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà?

Ní Ìbàdàn níbí, bí a bá gbọ́ "ẹlẹ́yàmẹ̀yà" lórí rédíò, ọ̀rọ̀ Yorùbá, Ìgbò àti Hausa ló kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn: ẹni tí kò gba ọmọ ẹlòmíràn síṣẹ́ nítorí ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe sí aláwọ̀ dúdú. Ti àwọ̀ ara yìí ni mo ń sọ nínú àlàyé yìí: kí ènìyàn gbà pé àwọ̀ ara ló ń sọ bí ẹnìkan ṣe jẹ́ ènìyàn tó.

Ẹ kíyè sí i pé n kò dárúkọ ìkórìíra. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ẹni tí kò bá kórìíra wa kò lè jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó mú ọmọ ọ̀dọ̀ wá láti abúlé. Kì í nà án. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń ra aṣọ ọdún fún un, bí ibà bá sì dá ọmọ náà dùbúlẹ̀, á gbé e lọ sí ọsibítù, àánú rẹ̀ á ṣe é dọ́kàn. Àmọ́ ọdún kẹfà rèé tí ọmọ yìí ti wà nílé, ìyá náà kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. "Ìwọ ọmọ yìí" ló ń pè é. Bí àlejò bá wà ní pálọ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọmọ náà lójú rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àga. Kò sí ìkórìíra níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú ọkàn ìyá yìí, ọmọ náà kò tíì di ènìyàn bí ọmọ tirẹ̀ ṣe jẹ́ ènìyàn. Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

## Ta ni Conrad, kí ló sì wà nínú ìwé náà?

Józef Teodor Konrad Korzeniowski ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọmọ Poland ni. Ọdún 1857 ni wọ́n bí i, ní ìlú Berdychiv tó wà ní Ukraine lónìí, nígbà tí Rọ́ṣíà ń jọba lé wọn lórí. Ọmọ àwọn tí wọ́n ń mú sìn lòun náà, ó sì yẹ ká rántí ìyẹn fún un. Ó di atukọ̀ ojú òkun, ó di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1886, ó sì wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ èdè kẹta rẹ̀ ni, lẹ́yìn èdè Poland àti Faransé.

Ní 1890 ó gba iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Congo. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù nígbà náà o. Ọba wọn, Leopold Kejì, ló ni ín fúnra rẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń ní oko kòkó, láti 1885 títí di 1908 tí ìjọba gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín erin ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni rọ́bà. Abúlé tí kò bá kó rọ́bà tó iye tí wọ́n bù fún un, wọ́n ń jó o. Wọ́n ń ti àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ́lé títí ọkọ wọn á fi kó rọ́bà wá. Àwọn ọmọ ogun ń gé ọwọ́ ènìyàn. Conrad lo bí oṣù mẹ́fà níbẹ̀, àìsàn gbé e dè, ó padà sílé. Ní 1899 ni ìtàn náà jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Scotland, ní apá mẹ́ta, ó sì di ara ìwé ní 1902.

Ìtàn náà kò gùn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marlow jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ lórí odò Thames, ilẹ̀ ń ṣú, ó ń sọ bí òun ṣe gba odò ńlá kan wọ àárín Áfíríkà lọ láti gbé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kurtz bọ̀. Kò dárúkọ Congo níbì kankan, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Kurtz yìí ló ń kó eyín erin ránṣẹ́ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ó lẹ́bùn, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ọ̀làjú ló ní òun gbé dání. Nígbà tí Marlow fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orí ènìyàn ló wà lórí òpó níwájú ilé rẹ̀. Ó ti kọ ìwé kan tó dùn létí nípa bí a ṣe máa fòpin sí àwọn àṣà burúkú, ó sì wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúruwùru pé kí wọ́n pa gbogbo àwọn ẹranko náà run. Kurtz kú sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà àbọ̀.

Bí a bá fẹ́ pe àkọlé ìwé náà lédè wa, ohun tó jọ "Inú Òkùnkùn Lọ́hùn-ún" ló máa jẹ́. Ìdí iyàn ti wà nínú àkọlé yẹn: òkùnkùn ta ni? Ṣé ti igbó ni, àbí ti ọkàn òyìnbó?

## Kí ni Achebe sọ gan-an?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1975, Chinua Achebe sọ àsọyé kan ní yunifásítì Massachusetts ní Amherst, ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń kọ́ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977. Ibẹ̀ ló ti pe Conrad ní ògbólógbòó ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ lò gbóná ju èyí lọ, ó sì rọ̀ ọ́ nígbà tó tún un tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan yìí, inú bí wọn, wọn kò sì dúró gbọ́ ẹjọ́ tó rò.

Ẹjọ́ náà rèé. Àwọn tó bá dàgbà díẹ̀ nínú wa á rántí ilé fọ́tò àtijọ́. Wọ́n á ta aṣọ ńlá kan sára ògiri. Wọ́n á ti kun òdòdó sí i, tàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí bàálù. Ìwọ tí o jókòó sórí àga níwájú rẹ̀ ni fọ́tò náà wà fún. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí òdòdó ara aṣọ ń jẹ́, tàbí ẹni tó ń gbé inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ohun tí Achebe ń sọ ni pé aṣọ ẹ̀yìn fọ́tò ni Áfíríkà jẹ́ nínú ìwé yìí. Ọkàn òyìnbó kan ló ń bàjẹ́, wọ́n sì kun odindi ilẹ̀ kan sẹ́yìn rẹ̀, tòun tènìyàn inú rẹ̀, kí ìbàjẹ́ náà lè hàn dáadáa.

Ó mú ẹ̀rí wá. Bí ìwé náà bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ará etí odò, ẹsẹ̀ tó ń janlẹ̀, ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́, ẹyinjú tó ń yí àti ariwo la máa ń rí. Agbára káká la fi ń rí odindi ènìyàn. Ọ̀rọ̀ èébú tí òyìnbó fi ń pe dúdú sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí èèmọ́ lára aṣọ ọdẹ. Achebe wá ka ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí dúdú sọ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kà. Lẹ́ẹ̀kíní, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ní kí wọ́n mú àwọn tó wà létí odò fún àwọn, kí àwọn fi wọ́n jẹun. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ ọ̀dọ̀ kan yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Kurtz ti kú. Àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì. Nígbà tí wọ́n máa là wá lẹ́nu, ẹran ènìyàn ni wọ́n ní ká béèrè.

Ẹ tún wo àwọn obìnrin méjì tó fẹ́ràn Kurtz. Èyí tó jẹ́ dúdú rìn wá sí etí odò, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ẹ̀gbà ọwọ́ títí dé ìgúnpá, arẹwà tí ojú ń tẹ̀ lé. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kò fọhùn. Èyí tó jẹ́ òyìnbó jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Yúróòpù, ó sunkún, ó béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dá a lóhùn, Marlow tiẹ̀ purọ́ fún un kí ọkàn rẹ̀ má baà gbọgbẹ́. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí obìnrin etí odò ń ro lọ́kàn, ẹni tí òun náà ń ṣọ̀fọ̀.

Fún èmi, ibí ni ẹjọ́ Achebe ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Èébú le, àmọ́ a lè mójú kúrò lára èébú. Ká kó wa jọ sínú ìtàn, ká sì gba ẹnu wa, ìyẹn ni n kò lè mójú kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé yìí gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tí Achebe kò sọ náà ṣe pàtàkì o. Kò sọ pé Conrad kò mọ ìwé kọ. Kò sọ pé ó gbè lẹ́yìn Leopold. Kò sì sọ pé kí wọ́n fòfin de ìwé náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó kọ̀ ni pé kí wọ́n máa pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kan lára iṣẹ́ ọnà tó ga jù láyé, kí wọ́n máa kà á lọ ní yunifásítì lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni má sì rí ohun tó wà níbẹ̀.

## Ṣé Marlow ló sọ ọ́, àbí Conrad?

Èyí ni èsì tí àwọn agbèjà Conrad máa ń kọ́kọ́ fọ̀. Wọ́n ní ẹ̀dá ìtàn ni Marlow, kò yẹ ká gbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ka Conrad lórí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Àwa tí a ka Fágúnwà mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, òǹkọ̀wé jókòó jẹ́ẹ́, bàbá arúgbó kan wá bá a, ó ní kó mú kálámù àti ìwé, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Àkàrà-oògùn ni bàbá náà. Òun ló ní ìyá òun jẹ́ àjẹ́ paraku. Títí dòní, kò sí ọmọ Yorùbá tó gbọ́n tó máa lọ sọ kiri pé àjẹ́ ni ìyá Fágúnwà. Asọ̀tàn yàtọ̀ sí òǹkọ̀wé. Conrad tiẹ̀ fi ti ẹnìkan kún un: ẹnìkan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ló ń sọ fún wa pé Marlow ló sọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Achebe mọ gbogbo èyí. Èsì rẹ̀ ni pé bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀nà òun àti ti asọ̀tàn yà, ó gbọ́dọ̀ fi ibi tí ó ti yà hàn wá. Bí mo bá wá bá ọ nílé tí mo ní, "Lágbájá bú ọ o, ó ní olè ni ọ́, ó ní ọ̀bùn ni ọ́," tí mo sì fi wákàtí méjì tò ó kalẹ̀, tí ẹnu mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, tí n kò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan kí n sọ pé irọ́ ni lágbájá ń pa, ṣé wàá gbà pé iṣẹ́ ni wọ́n rán mi? Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tí ohùn mìíràn ti yọ láti sọ fún Marlow pé, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ènìyàn nìwọ̀nyí." Ẹ fi wé Fágúnwà. Igbó tirẹ̀ náà kún fún ẹ̀rù, àmọ́ ebora inú rẹ̀ ní orúkọ, ó lẹ́nu, ó ń bi ọdẹ ní ibi tó ń lọ, ó sì ń sọ Yorùbá tó jinlẹ̀. Ebora Fágúnwà rí ẹnu sọ̀rọ̀ ju ọmọ ènìyàn Conrad lọ.

## Bí ìwé náà bá tú àṣírí Leopold, ṣé kò tíì tó?

Òótọ́ ni pé ó tú u. Marlow rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ní ọrùn pọ̀. Ó rí àwọn tó rẹ̀ tó lọ kó sábẹ́ igi láti kú, ó sì na bisikíìtì kan sí ọ̀kan nínú wọn. Òyìnbó tó bá kà á ní 1899 kò ní lè sọ mọ́ pé ọ̀làjú ni wọ́n ń gbé lọ sí Congo. Roger Casement, tí òun àti Conrad ti pàdé ní Congo ní 1890, ló wá kọ ìròyìn tó fi ìwà ìkà ibẹ̀ hàn fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ayé gbọ́ ní 1904. E. D. Morel tó ṣáájú ìjà lòdì sí Leopold yin ìwé Conrad gan-an.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló sì ń gbèjà rẹ̀. Wilson Harris, òǹkọ̀wé ọmọ Guyana, kọ ọ́ ní 1981 pé Achebe kò rí bí ìwé náà ṣe ń gbìyànjú láti já ara rẹ̀ gbà kúrò nínú ìrònú àwọn amúnisìn, bí kò tilẹ̀ já a tán. Mo bu ọlá fún èrò yẹn, mo sì máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá yẹn àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí aládùúgbò bá na ọmọ náà, ìyá yìí lè bínú, ó lè gbé ẹjọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìbínú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀ kò tíì mọ orúkọ ọmọ náà. Ènìyàn lè kórìíra ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wá tọkàntọkàn, kó má sì tíì gbà nínú ara rẹ̀ pé ẹgbẹ́ òun la jẹ́. Àánú ń ṣeni fún ewúrẹ́ tí wọ́n dì mọ́ orí mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ọjà Bódìjà. Conrad korò ojú sí ìkà. Conrad kò rí wa. Òótọ́ ni méjèèjì, ìkan kò pa ìkejì rẹ́. Èyí ni mo sọ fún ọmọ mi, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ gbé bírò.

## "Ayé ìgbà náà ló rí bẹ́ẹ̀"

N kò gba ọ̀rọ̀ yìí rárá, nítorí pé kì í ṣe òótọ́.

Ní 1890 kan náà tí Conrad dé Congo, ọkùnrin mìíràn wà lórí odò yẹn. George Washington Williams ni, dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ó ti ṣe sójà, ó ti ṣe pásítọ̀ lórí àga ìwàásù, ó sì ti kọ ìwé ìtàn. Ní oṣù Keje ọdún náà ó kọ lẹ́tà gbangba sí Leopold, ó to ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: bí wọ́n ṣe fi ẹ̀tàn gba ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ra ènìyàn tí wọ́n ń tà wọ́n, bí wọ́n ṣe ń jó abúlé. Odò kan náà, ọdún kan náà. Williams rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ilẹ̀, tí wọ́n ní òfin, tí wọ́n sì ní ẹ̀tọ́. Àwọn tí Marlow rí, ariwo ni wọ́n ń pa.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Samuel Johnson, tó dàgbà sí Ìbàdàn níbí, ní ilé ìjọ ní Kúdẹtì, tó sì kọ́ni ní Àrẹ̀mọ, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897. Ogun wà níbẹ̀, ìkà wà níbẹ̀, òṣèlú wà níbẹ̀, ó jókòó ti àwọn àgbà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ tòun ti òwe àti oríkì. Ní 1899, ọdún tí ìtàn Conrad ń jáde ní Scotland gan-an, wọ́n fi ìwé Johnson ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba. Ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì di 1921 kí ó tó jáde. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kò sí bí ẹni ayé ìgbà náà ì bá ṣe mọ̀ pé dúdú ní ìtàn àti ọ̀rọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rí wà nínú ọkọ̀ òkun nígbà náà, ó ń lọ bá wọn.

## Ibo ni Ìbàdàn ti wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ọ̀pọ̀ rò pé Amẹ́ríkà ni iyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ìbàdàn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ní 1948 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ níbí. Achebe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló wá kọ́, ó fi í sílẹ̀, ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ní 1952, olùkọ́ wọn tó jẹ́ òyìnbó ní kí wọ́n ka Mister Johnson, ìtàn àròsọ tí Joyce Cary kọ ní 1939. Cary ti ṣiṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà, ó mọ Borgu. Akọ̀wé ọmọ gúúsù kan ló fi ṣe ẹ̀dá ìtàn rẹ̀: Johnson ń jó, ń kọrin, ń jẹ gbèsè, ń jalè, ó sì fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó, Rudbeck, dé ojú ikú. Nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún un, ó bẹ ọ̀gá náà pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa òun, Rudbeck sì yìnbọn fún un.

Ìwé ìròyìn Time ní Amẹ́ríkà ti pe ìwé yìí ní èyí tó dára jù lọ nínú ìtàn àròsọ nípa Áfíríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn kò gbà. Achebe ròyìn pé ọ̀kan nínú wọn dìde, ó sọ fún olùkọ́ lójúkojú pé ibì kan ṣoṣo tó dùn mọ́ òun nínú ìwé náà ni ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Johnson. Ẹnu ya olùkọ́ náà. Ohun tó pè ní àrídunnú, èébú ni lójú wọn. Orúkọ náà gan-an máa ń dùn mí: Johnson tiwa fi ogún ọdún kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jọ, wọ́n sọ ọ́ nù. Johnson tí wọ́n fi ẹnu wọn ṣe, òun ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì gbé wá kọ́ wa ní Ìbàdàn.

Achebe tún sọ ohun kan nípa ara rẹ̀ tí mo máa ń kà sí àwọn ọmọ létí. Nígbà tó wà léwe, bó bá ń ka irú ìtàn wọ̀nyí, ẹ̀yìn àwọn òyìnbó ló máa ń wà, òun àti àwọn ló jọ wà nínú ọkọ̀. Ó dàgbà kó tó yé e pé òun kò sí nínú ọkọ̀ Marlow rárá. Òun wà lára àwọn tó ń fò sókè létí odò, tó ń yínmú. Gbogbo ohun tó sọ ní Amherst, ibi tí ojú rẹ̀ ti là yẹn ló ti wá. Ó fi ìwé, Things Fall Apart, fèsì fún ìwé ní 1958 kó tó fi àsọyé fèsì ní 1975.

## Ká kà á, àbí ká sọ ọ́ síná?

Ká kà á. Bí a bá sun ún, àwọn ọmọ wa kò ní mọ ohun tí Achebe ń bá jà, wọ́n á sì rò pé ìbínú lásán ni. Àmọ́ kí a má kà á bí ẹni ń kí ọba. Kí olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ Achebe tì í, kí ó fi ti Harris tì í, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ bi ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí? Ta ló ní orúkọ? Ta ló ní ilé tó máa padà sí?

Ọmọ mi ní ká gbìyànjú rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀. A ṣí ibi tí wọ́n ti kọlu ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí ìkùukùu ká. Dúdú kan ló ń darí ọkọ̀. Conrad ní ọmọ ìlú kan ní etí òkun ni, ó síngbọnlẹ̀, yẹtí idẹ wà létí rẹ̀ méjèèjì, ó ró aṣọ búlúù láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀kọ̀ wọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́, ó ṣubú sí ẹsẹ̀ Marlow, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún bàtà òyìnbó náà, ó sì gbójú sókè wò ó bí ẹni fẹ́ béèrè nǹkan. Kò sọ ọ́, ó kú. Marlow tì í sínú odò. Ó ní òun ṣàárò rẹ̀, pé bí ó ṣe wo òun yẹn dà bí ìgbà tí ìbátan ọ̀nà jíjìn bá ń pe ẹ̀jẹ̀ mọ́ni lára.

Ọmọ mi kà á sókè títí dé ibẹ̀, ó dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ó lè jẹ́ ará ọ̀dọ̀ wa níbí náà ni o. Kí lorúkọ ẹ̀?"

A padà sẹ́yìn, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, títí dé ibi tí ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ yọjú. A tún kà á síwájú títí dé ibi tí wọ́n ti tì í sómi. A kò rí orúkọ kankan.